Ìtàn John Brendan Kelly, Bíríkìlà tí Wọ́n Dá Padà Létí Odò

Bí ènìyàn bá dárúkọ ìdílé Kelly ti ìlú Philadelphia, ọmọbìnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀, èyí nì ni Grace Kelly, òṣèré sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó di aya Rainier Kẹta, olórí ilẹ̀ Monaco, ní ọdún 1956. Ṣùgbọ́n òkìkí baba ti kàn kí a tó bí ọmọ. John Brendan Kelly, baba Grace, jẹ́ bíríkìlà. Ó jẹ́ atukọ̀ tí ó ṣòro láti rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Ó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ní ibi ìje ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ayé. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Kì í ṣe nítorí ọrọ̀ tí ó kó jọ ni a ṣe ń sọ ọ́, kì í sì í ṣe nítorí ọmọ rẹ̀ tí ó di aya ọlọ́lá, bí kò ṣe nítorí ìbéèrè kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ gbé ka iwájú gbogbo ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìje, ìbáà ṣe ìje ńlá, ìbáà ṣe ti ìletò: kí ni ó yẹ kí a fi wọn ènìyàn kí a tó jẹ́ kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje?

Ní ọjọ́ 4 oṣù October, ọdún 1889, ni a bí i ní Philadelphia, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará ilẹ̀ Ireland, láti agbègbè Mayo. Àtijẹ àtimu ni ó gbé wọn kọjá òkun wá sí Amẹ́ríkà. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí. Ilé tí ọmọ bá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Àdúgbò East Falls, níbi tí wọ́n ń gbé, wà lẹ́bàá odò Schuylkill, àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sì wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ tálákà ti ń rí iṣẹ́ ṣe. John kò pẹ́ ní ilé ìwé. Ní ọdún 1907 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíríkìlà.

Ẹni tí ó bá ti dúró wo bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n nínú. Kò sí bíríkìlà rere kan tí ń fi ojú lásán to bíríkì. Okùn ni ó ń ta láti igun dé igun, okùn náà ni ó sì ń tẹ̀ lé. Bí okùn bá wọ́, ògiri yóò wọ́, ìbáà jẹ́ pé bíríkì tí ó dára jù lọ ni a fi mọ ọ́n. Iṣẹ́ yìí ni ó fún Kelly ní èjìká àti apá, ó sì fún un ní ohun kan tí ó ju apá lọ, èyí nì ni sùúrù àti fi ọwọ́ kan náà ṣe ohun kan náà ní ìgbà ẹgbẹ̀rún láìjẹ́ kí ó yẹ̀.

Ní àkókò náà, bí ó ti rí títí di òní, odò Schuylkill ni ojúkò ìje ọkọ̀ ní Philadelphia. Àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ kọ́ ilé ọkọ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ sí etí odò náà, wọ́n sì ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan láti ọdún 1858, kí wọ́n lè ní òfin kan náà lórí ìje wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò kì í ṣe irú èyí tí apẹja ń gbé lọ sí ojú omi. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan lè gbé ti ẹlẹ́nìkan lé èjìká. Atukọ̀ a jókòó, a kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ, a sì mú àjẹ̀ gígùn méjì dání, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Bí ọwọ́ kan bá fà ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ara bá gbọ̀n, ọkọ̀ yóò dojú dé. Nítorí náà, agbára nìkan kò tó. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni olórí ohun tí ìje náà ń fẹ́.

Ní ọdún 1909 Kelly di ọmọ ẹgbẹ́ Vesper, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ etí odò náà. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré, nítorí ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ rẹ̀ ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Olympic ní ọdún 1900 ní Paris, àti ní ọdún 1904 ní St. Louis. Ní ibẹ̀ bíríkìlà lè bá ọmọ olówó jókòó nínú ọkọ̀ kan, wọn kò sì bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ṣe kí ó tó wá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1916, Kelly ti di aṣíwájú àwọn atukọ̀ ẹlẹ́nìkan ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ogun àgbáyé kìíní gbé e lọ sí iṣẹ́ ológun. Ó wọlé bí ọmọ ogun lásán, ó sì jáde bí ọ̀gá kékeré. Nígbà tí ó padà dé, ó yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dá iṣẹ́ ilé kíkọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún gbé àjẹ̀ rẹ̀. Ohun kan ni ó kù tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, èyí nì ni ife Diamond ti Henley.

Henley jẹ́ ìlú kékeré kan létí odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1839 ni wọ́n ti ń ṣe ìje ọkọ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún, àfi ní ìgbà ogun àti ní ọdún 2020. Ọkọ̀ méjì péré ni ó ń díje lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó bá ṣẹ́gun yóò tẹ̀ síwájú, èyí tí a bá ṣẹ́gun yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé. Gígùn ojú ọ̀nà wọn jẹ́ máìlì kan pẹ̀lú 550 yáàdì. Ìje ẹlẹ́nìkan tí wọ́n ń pè ní Diamond bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1844, kò sì sí atukọ̀ kan ní ayé nígbà náà tí kò fẹ́ kí a kọ orúkọ òun mọ́ ti àwọn tí ó ti gbà á.

Ṣùgbọ́n Henley ní òfin kan. Ní ọdún 1879 àwọn Alákòóso ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí alágbàṣe rí, tí ó ń gba owó iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí ń ṣe eré fún ìfẹ́ eré, kò sì lè díje lọ́dọ̀ wọn. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a sọ ìdí tí òfin náà fi wáyé. Ní ayé àtijọ́, àwọn tí ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá Thames fún owó a máa bá ara wọn díje. Ìje wọn kan wà tí a ti ń ṣe láti ọdún 1715. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn oníjàgídíjàgan wọ inú irú ìje bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí, ọkọ̀ ń fi ìmọ̀ọ́mọ̀ gbá ọkọ̀, elòmíràn sì ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ó lè jẹ́ kí a ṣẹ́gun òun. Àwọn ọlọ́lá fẹ́ kí eré tiwọn mọ́. Wọ́n sì tún ń sọ pé ẹni tí ń fi agbára apá jẹun lójoojúmọ́ ní ànfààní lórí akọ̀wé tí ó jókòó sí ọ́fíìsì.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ọgbà tí wọ́n ṣe ti fẹ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ owó tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń sá fún, kí ni bíríkìlà fi ṣe? Ẹni tí ó to bíríkì ní Philadelphia láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò tu ọkọ̀ fún owó. Bí ó bá sì jẹ́ agbára apá ni wọ́n ń wò, ta ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ olówó tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa tu ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́? Alágbàṣe ń wá sí odò lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nígbà tí ara ti rẹ̀ ẹ́. Ọgbà tí wọ́n fi dínà mọ́ owó ni ó di èyí tí ó dínà mọ́ tálákà, tí ó sì jẹ́ kí olówó wọlé.

Ní ọdún 1920 Kelly fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Henley. Ó ti múra tán láti wọ ọkọ̀ òkun nígbà tí ìròhìn dé pé wọn kò gba orúkọ rẹ̀. Ìdí méjì ni àwọn Alákòóso kọ sínú ìwé wọn. Èkíní ni ọ̀ràn ẹgbẹ́ Vesper. Ní ọdún 1905 ẹgbẹ́ náà ti gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ lọ sí Henley, lẹ́yìn náà ni ó sì hàn pé owó tí ará ìlú dá ni wọ́n fi ṣe ìrìnàjò. Àwọn Alákòóso ka èyí sí títu ọkọ̀ fún owó, ní ọdún 1906 wọ́n sì pàṣẹ pé àwọn kì yóò gba orúkọ láti ọ̀dọ̀ Vesper mọ́. Èkejì ni pé Kelly fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ ṣe àkíyèsí ìdí méjèèjì. Ní ọdún 1905 Kelly jẹ́ ọmọ ọdún 15, kò sí ní Vesper, kò sì bá ẹnikẹ́ni ná owó náà. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni a kà sí i lọ́rùn. Ní ti èkejì, òótọ́ ni pé ó jẹ́ bíríkìlà, kò sì sẹ́ ẹ rí. Ẹgbẹ́ atukọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ gbà pé kò tu ọkọ̀ fún owó, àwọn tí ń ṣe àkóso Olympic náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìròhìn Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀ràn náà káàkiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà méjèèjì òkun sì sọ pé ìwà náà kò yẹ àwọn tí ń pe ara wọn ní ọlọ́lá.

Ọlọ́run kì í sùn. Ní oṣù August ọdún kan náà, ìdíje Olympic wáyé ní ilẹ̀ Belgium. Ìlú Antwerp ni ó gba àlejò, ṣùgbọ́n orí omi kan nítòsí Brussels ni wọ́n ti ṣe ìje ọkọ̀. Kelly lọ. Ẹni tí ó kù láti bá a díje fún ipò kìíní ni Jack Beresford, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni náà gan-an tí ó gba ife Diamond ní Henley ní ọdún náà. Bí ẹni pé odò fúnra rẹ̀ ni ó pe ẹjọ́ náà padà sí ilé ẹjọ́. Beresford kì í ṣe atukọ̀ yẹpẹrẹ. Ọkùnrin yìí ni ó gba wúrà Olympic ní ọdún 1924, 1932 àti 1936. Àwọn méjèèjì fa àjẹ̀ títí agbára fi tán nínú wọn, nígbà tí wọ́n sì dé òpin, ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ni Kelly fi ṣáájú. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, Kelly àti Paul Costello, ìbátan rẹ̀, tún jókòó sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, wọ́n sì tún gba wúrà. Ní ọdún 1924, ní Paris, àwọn méjèèjì tún gbà á nínú irú ìje kan náà.

Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, Kelly fi fìlà aláwọ̀ ewé tí ó máa ń dé nígbà ìje ránṣẹ́ sí Ọba George Karùn-ún, kí ọba lè mọ fìlà tí bíríkìlà dé. Ìbáà ṣe òótọ́, ìbáà ṣe àsọdùn, ìtàn náà fi bí ọ̀ràn ṣe dun àwọn ènìyàn tó hàn.

Iṣẹ́ Kelly gbilẹ̀. Ilé iṣẹ́ bíríkì rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní ìhà ibẹ̀, bíríkìlà sì di olówó. Ní ọdún 1924 ó fẹ́ Margaret Majer, olùkọ́ eré ìmárale ní yunifásítì Pennsylvania, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Ní ọdún 1935 ó du ipò olórí ìlú Philadelphia. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò tí ó ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ya àwọn alátakò lẹ́nu. Ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, Ààrẹ Roosevelt fi í ṣe olùdarí eré ìmárale fún gbogbo ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n owó àti ipò kò pa ọ̀ràn Henley rẹ́ nínú rẹ̀.

Òfin náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Bobby Pearce, ará Australia, gba wúrà Olympic ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó díje ní Henley nítorí pé ó jẹ́ káfíńtà. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń ta ọtí líle, wọ́n sì gbà á. Ní ọdún 1931 ó gba ife Diamond. Apá kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni. Ẹni tí ó fi pátákó ṣe iṣẹ́ kò yẹ, ẹni tí ó ta ọtí yẹ. Ní ọdún 1936 àwọn ọlọ́pàá mẹ́jọ láti Australia, tí ń lọ sí Olympic ní Berlin, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá wọn padà pẹ̀lú, nítorí pé iṣẹ́ ọlọ́pàá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ lójú òfin. Ariwo pọ̀ ní àkókò yìí ju ti ìṣáájú lọ. Ní ọdún 1937 àwọn Alákòóso pa ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe rẹ́ kúrò nínú òfin wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àyípadà náà ti pẹ́ jù fún Kelly, nítorí ó ti lé ní ọdún 47. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọkùnrin kan, John Kejì, tí a bí ní ọdún 1927, ó sì ti fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́ láti kékeré. Ní ọdún 1946 ọmọ náà lọ sí Henley, ó dé ìje ìkẹyìn fún Diamond, ará ilẹ̀ Faransé kan sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ó padà lọ ní ọdún 1947 lábẹ́ orúkọ yunifásítì Pennsylvania, ó sì gba ife náà níwájú baba àti ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1949 ó tún gbà á. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó kọjá láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá baba padà àti ọjọ́ tí ọmọ wọlé.

A kò gbọdọ̀ fi ayọ̀ ọjọ́ náà bo ohun kan mọ́lẹ̀. Ọmọ kò lè san gbèsè tí a jẹ baba. Ẹrù tí John Kejì gbé wọ inú ọkọ̀ ní ọjọ́ náà wúwo ju ti ẹlòmíràn tí ń díje fún ara rẹ̀ nìkan. Ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ ara ohun tí òfin tí kò tọ́ ń dá sílẹ̀, pé ìyà rẹ̀ kì í tán lára ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìdíje ọdún 1920 ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bí ìje Kelly àti Beresford ì bá ti parí lórí omi Thames. Ẹni tí wọ́n dá padà pàdánù. Beresford tí ó gba ife náà pàdánù pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣẹ́gun kí ògo rẹ̀ lè pé kò sí níbẹ̀.

John Brendan Kelly kú ní ọjọ́ 20 oṣù June, ọdún 1960, ní ìlú tí a gbé bí i. Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ létí odò Schuylkill, tí ó jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1981 àwọn Alákòóso Henley pe Grace, ọmọ rẹ̀, kí ó wá fún àwọn tí ó ṣẹ́gun ní ife wọn. Ní ọdún 2003 wọ́n sì fi orúkọ obìnrin náà pe ọ̀kan nínú àwọn ife àwọn obìnrin. Báyìí ni orúkọ tí wọ́n kọ̀ létí odò ṣe di orúkọ tí wọ́n ń pè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àkóso ẹgbẹ́, tí ẹ sì ń ṣètò ìje fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí fún yín. Ní èdè wa, ọmọlúàbí kì í ṣe ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ìwà ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kò burú kí ìje ní òfin; ìje tí kò ní òfin yóò di ìjà. Ẹ lé ayédèrú jáde, ẹ lé ẹni tí ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ jọ ara wọn ní gígùn àti ní ìwúwo, ẹ ṣẹ́ gègé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yan ìhà tí afẹ́fẹ́ kò ti ní í dà á láàmú, kí adájọ́ má sì ṣe jẹ́ ìbátan ẹni tí ń díje. Gbogbo ìwọ̀nyí kan bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ń béèrè ọmọ ẹni tí atukọ̀ í ṣe, tàbí iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun, kò kan ọkọ̀ rárá. Ìbẹ̀rù ẹni tí kò fẹ́ kí a ṣẹ́gun òun ni ó wọ aṣọ òfin.

Bíríkìlà ta okùn rẹ̀ kí ó tó to bíríkì, okùn náà kò sì mọ bíríkì olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Òfin ìje ni okùn tí a ta fún àwọn tí ń díje. Bí ó bá ti wọ́ láti ìpìlẹ̀, ife tí a gbé lé e lórí kò lè dúró ṣinṣin.